Gálárì Èkó ní ọjọ́ kan ṣoṣo: ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ọ̀nà tí ẹ ó gbà padà

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá: "Èkó ni mò ń gbé láti kékeré, mi ò wọ gálárì rí. Ibo ni kí n kọ́kọ́ lọ?" Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Ibi tó jìnnà sílé yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ wá máa bọ̀ wálé díẹ̀díẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí Afárá Third Mainland, wọ́n á yà sí Oníkan torí pé òun ló sún mọ́ wọn, wọ́n á jẹun ní Victoria Island, aago 4 ìrọ̀lẹ́ á ti lù kí wọ́n tó forí lé Lẹ́kkí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa débẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ti ń wo aago. Tí wọ́n bá sì jáde, ọkọ̀ àwọn tó ń lọ òde Sátidé ti dí gbogbo ọ̀nà àbọ̀.

Ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹni tó ń ti Ìkejà, Yábàá, Súrùlérè tàbí Ìkòròdú bọ̀ ni a ṣe é fún. Ẹni tó ń gbé ní Lẹ́kkí tàbí Àjà, ẹ kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. A ó sọ bó ṣe rí.

## Kí ẹ tó jáde nílé

1. Ẹ mú ọjọ́. Sátidé ló dáa jù. Ọ̀pọ̀ gálárì aládàáni kì í ṣí ní Sọ́ńdè, àwọn mìíràn kì í ṣí ní Mọ́ńdè. Tó bá di dandan kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ mú un láàárín Túsìdeè sí Tọ́sìdeè, kí ẹ má sì kúrò nílé kí aago 9:30 tó lù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti wọ ọ́fíìsì tán. Fúráìdé ò ṣe é dán wò rárá.

2. Ẹ mú ibi mẹ́ta. Mẹ́rin ni òpin. Ojú máa ń rẹni bí ẹsẹ̀ ṣe ń rẹni. Tó bá di gálárì karùn-ún, ẹ ó kàn máa kọjá lára àwòrán ni.

3. Ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi wọ́n: Ṣé ẹ máa ṣí? Iṣẹ́ ta ló wà lára ògiri? Ṣé owó ìwọlé wà, ṣé káàṣì ni àbí káàdì? Ìdí tí ìpè yìí fi ṣe pàtàkì ni pé, láàárín àfihàn kan sí èkejì, gálárì máa ń tilẹ̀kùn fún ọjọ́ mélòó kan láti já èyí tó wà lára ògiri kí wọ́n sì kan òmíràn. Google á ṣì máa sọ pé wọ́n ṣí. Gálárì tún máa ń kó kúrò níbi tó wà. Rele, fún àpẹẹrẹ, Oníkan ló wà tẹ́lẹ̀ kó tó lọ sí Ìkòyí, àdírẹ́sì àtijọ́ sì ṣì wà káàkiri orí íntánẹ́ẹ̀tì.

4. Ẹ bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Oníkan lọ́jọ́ náà. Tí ìpàdé ńlá tàbí orin bá wà ní Tafawa Balewa Square, tàbí tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ yí ọjọ́ padà.

5. Ẹ wo ojú ọ̀run. Láàárín oṣù Kẹfà sí Keje, òjò wákàtí méjì péré lè sọ àdúgbò Lẹ́kkí di odò. Tó bá ti ń rọ̀ láti òru, Oníkan àti Ìkòyí ni kí ẹ fi mọ.

Ohun tí ẹ ó kó dání:

- Owó kékeré-kékeré, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún kan nìkan. Ẹnu géètì kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń wá ṣéńjì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS sì lè kọ̀.
- Báàgì kékeré tí ẹ lè gbé sí iwájú àyà. Báàgì ẹ̀yìn ló ń gbá ère ṣubú, torí ẹni tó gbé e kò rí i.
- Bàtà pẹlẹbẹ. Àtẹ̀gùn pọ̀.
- Omi ìgò kan. Ìta ni kí ẹ ti mu ún.
- Pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré, kì í ṣe báírò. Yíǹkì tó bá kán sára iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni kò ṣe é fọ̀.
- Power bank.
- Hankí funfun kan. Ẹ ó rí ìwúlò rẹ̀ níwájú.

## Ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀

Bí ẹ ò bá ní ọkọ̀: ẹ wọ BRT dé CMS tàbí TBS (Tafawa Balewa Square). Ẹ ti kówó sínú káàdì Cowry yín láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má baà máa tò láàárọ̀. Ẹni tó wà ní apá Máìlì 2 lè wọ rélùwéè Blue Line tààrà dé Marina. Ẹni tó wà ní apá Àgbádò sí Ìkejà lè wọ Red Line dé Ọ̀yìngbò, kó wá wá BRT tàbí dáńfó níbẹ̀. Láti CMS tàbí Ọ̀bálendé, dáńfó tó ń pe "Àjà! Àjà!" ni tiyín. Ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ kí ẹ tó jókòó pé Ìkátẹ̀ lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀, ẹ tún rán an létí lẹ́yìn náà: "Ìkátẹ̀ wà o!" Ẹni tó bá dákẹ́, Jákàńdè ni wọ́n máa já a sí.

Ọ̀kadà: ẹ gbàgbé ẹ̀. Ìjọba Èkó ti fòfin dè é ní Etí-Ọ̀sà àti Erékùṣù Èkó láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ẹ óò ṣì rí èyí tó ń yọ́ kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú un, ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ni ẹ máa fẹsẹ̀ rìn.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀: owó wà láti san lórí afárá tó so Ìkòyí pọ̀ mọ́ Lẹ́kkí. Ní Ìkòyí, inú ọgbà gálárì ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sí. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ títì Awólọ́wọ̀ Road lórí pé "ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni". Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún wọn láti wọ́ ọ lọ.

Bí ẹ bá tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi dáńfó lọ, kí ẹ fi Bolt bọ̀ láàárín Lẹ́kkí àti Victoria Island, kí ẹ sì pín owó rẹ̀. Ibẹ̀ ni Bolt ti wúlò jù.

## Ètò ọjọ́ náà

1. Aago 8: ẹ kúrò nílé. Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Àárọ̀ Sátidé, ojú ọ̀nà Lẹ́kkí máa ń já gaara.

2. Aago 10 sí 12: Nike Art Gallery, Ìkátẹ̀, Lẹ́kkí. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Olóyè Níkẹ̀ Ọ̀kúndayé, ìyá aládìrẹ, ló ni ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ ló wà nínú ilé náà: wọ́n kọ́ sára ògiri, wọ́n to sílẹ̀, wọ́n gbé ti ara àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fẹ́ wo gbogbo rẹ̀ máa sú ara rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ gun àtẹ̀gùn dé òkè pátápátá, kí ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo èrò máa ń pé jọ sí láàárọ̀, òkè á sì ṣófo. Ní àkọ́kọ́, ẹ má dúró níwájú iṣẹ́ kankan. Ẹ kàn rìn yíká àjà náà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ padà sọ́dọ̀ méjì péré tó ń pè yín, kí ẹ dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ fi aago fóònù wò ó. Ní aago 11:30, bó ti wù kó rí, ẹ bọ́ sí ìdí aṣọ àdìrẹ.

3. Aago 12:45 sí 1:45: Terra Kulture, Tiamiyu Savage, Victoria Island. Oúnjẹ ilẹ̀ wa wà níbẹ̀, gálárì wà, ìwé wà lórí àtẹ. Ẹ bèèrè oúnjẹ kí ẹ tó wọ gálárì, kí wọ́n máa sè é lọ́wọ́. Èyí nìkan á dín ìdajì wákàtí kù fún yín.

Ẹni tí ebi kì í tètè pa lè fo ibí yìí, kó yà sí Ìkòyí dípò rẹ̀: Signature Beyond wà ní Awólọ́wọ̀ Road, Mydrim wà ní Norman Williams, kó wà ní Cameron Road. (Bẹ́ẹ̀ ni o, "kó" gan-an ni orúkọ gálárì náà.) Àwọn wọ̀nyí kéré, iṣẹ́ wọn kì í pọ̀ lára ògiri, ìdajì wákàtí sì tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tẹ aago ẹnu ọ̀nà, ẹ kí wọn, ẹ sọ pé ẹ wá wòran. Wọn kì í gba owó ìwọlé, ẹnikẹ́ni kò sì ní fipá mú yín rà. Ojú tó ń ti èèyàn láti tẹ aago yẹn ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó wọbẹ̀ rí.

4. Aago 2:15 sí 3:45: Mùsíọ́mù Oníkan. Mùsíọ́mù ìjọba ni, kì í ṣe gálárì, ó sì máa ń tilẹ̀kùn ṣáájú àwọn tó kù. Tí ẹ bá débẹ̀ lẹ́yìn aago 3, ó ti bọ́ sórí. Kí ẹ tó wọlé, ẹ wo Anyanwu, ère bàbà gíga tí Ben Enwonwu, gbajúgbajà oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà, ṣe. Ẹ má kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná. Nínú ilé, amọ̀ sísun Nok (ère àtijọ́ tí wọ́n fi amọ̀ mọ), iṣẹ́ Ifẹ̀ àti ti Benin ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Mọ́tò tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà níbẹ̀, pẹ̀lú ihò ọta ìbọn lára rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sí ìgbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá rí i kì í sábà padà sídìí amọ̀ mọ́. Ẹ bèèrè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya fọ́tò.

Ní òdìkejì títì ni John Randle Centre wà, ilé tí wọ́n kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Owó ìwọlé wà, ó sì gba wákàtí kan àtààbọ̀ ó kéré tán. Bí ẹ bá yàn án, ẹ yọ Terra Kulture kúrò. Ẹ má gbìyànjú láti fi ìṣẹ́jú ogún wò ó.

5. Aago 4 lọ: Freedom Park, Broad Street. Ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Oníkan, kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ère wà nínú ọgbà, gálárì kékeré kan náà wà, ibi ìjókòó àti oúnjẹ pọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sinmi, kí ẹ tún ohun tí ẹ kọ sínú ìwé kà.

6. Ẹ kúrò kí aago 6 tó lù. BRT wà ní TBS àti CMS, ẹ̀yin sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti Lẹ́kkí.

Fún ará Lẹ́kkí àti Àjà: ẹ dé Oníkan ní aago 9:30, ẹ fo Freedom Park, ẹ jẹun ní Victoria Island, kí ẹ wọ Nike ní aago 2. Aago 6 ni wọ́n ń tì, nítorí náà ẹ ní àyè.

## Bí ẹ ṣe lè mọ àdìrẹ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ

Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àdìrẹ ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ náà ni ẹ̀tàn pọ̀ sí. Gbogbo aṣọ aláràbarà kọ́ ni àdìrẹ.

1. Ẹ yí aṣọ náà padà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ ẹ̀kọ láfún sí lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Ẹ̀yìn aṣọ tí kò ní ẹ̀kọ á mu aró dáadáa. Nítorí náà, ẹ̀yìn á dúdú ju iwájú lọ. Aṣọ ẹ̀rọ ni tirẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń ṣá, tí á funfun.
2. Ti oníko yàtọ̀. Ìko ni wọ́n fi dì í, nítorí náà ojú méjèèjì á jọra. Ẹ fọwọ́ tọ́ ọ: àpá ibi tí wọ́n dì á ṣì ká jọ wínníwínní. Èyí tí wọ́n fi àbẹ́là ṣe náà máa ń hàn lójú méjèèjì, torí àbẹ́là gbígbóná máa ń wọnú aṣọ lọ.
3. Ẹ wá àṣìṣe. Ẹ mú àmì kan, bóyá ẹyẹ, kí ẹ wá ìkejì rẹ̀. Tí ẹyẹ méjì bá jọ bí ìbejì, tí ẹsẹ̀ wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ èèyàn kì í ya ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nínú Ìbàdàndùn, ìyẹn ọnà àdìrẹ tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn sí, ẹ wá òpó náà: nínú iṣẹ́ ọwọ́, òpó kan á sanra ju èkejì lọ, àwọn ṣíbí tó wà láàárín wọn ò sì ní gùn dọ́gba.
4. Ẹ wo àárín ìró. Ìró àdìrẹ àtijọ́, abala méjì ni wọ́n rán pọ̀. Ojú rírán yẹn kì í ṣe àbùkù.
5. Hankí funfun. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà, kí ẹ fi igun hankí tó tutù díẹ̀ ra etí aṣọ náà. Aró tòótọ́ tuntun á ràn mọ́ hankí náà díẹ̀. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹ kàn máa fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ nínú omi tútù ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra àwòrán tàbí ère

Ẹ ka pátákó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun: orúkọ ẹni tó ṣe é, àkọlé, ọdún, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀. Nínú ìwọ̀n, gíga ló sábà máa ń ṣáájú, ìbú á tẹ̀ lé e. Àmì pupa róbótó lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n ti tà á.

- Iye owó: bí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ bèèrè láìtijú. Ní gálárì, ẹ lè sọ pé "ṣé ẹ lè bá wa dín in díẹ̀?" Wọ́n lè gbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dá ìdajì owó. Ọjà iṣẹ́ ọnà Jákàńdè ni ẹ ti lè ná an dé gongo. Ọ̀pọ̀ gálárì máa ń gba owó díẹ̀díẹ̀; wọn á fi iṣẹ́ náà pamọ́ dè yín títí ẹ ó fi san tán.
- Ìwé: rìsíìtì tó kọ orúkọ oníṣẹ́, àkọlé, ọdún àti ìwọ̀n, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí gálárì tàbí oníṣẹ́ náà fọwọ́ sí. "Àwòrán 1" lórí rìsíìtì kò wúlò fún nǹkan kan.
- Ère igi: ẹ tẹ́ hankí funfun yẹn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rọra gbọ̀n ọ́n. Ihò wínníwínní nìkan lè jẹ́ ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyẹ̀fun igi bá dà sílẹ̀, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì máa wọ àga ilé yín.
- Àwòrán ìlẹ̀kẹ̀: ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ti máa ń kọ́kọ́ já.
- Kíká kánfáàsì (aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí): ojú tí wọ́n kun ọ̀dà sí ni kó wà níta. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ká a sínú kí ó má baà ha, ìyẹn ló sì ń mú ọ̀dà sán. Ẹ ká a mọ́ páìpù tó fẹ̀, kì í ṣe páìpù omi tín-ínrín, kí ẹ fi bébà rírọ̀ sáàárín.
- Tó bá ní gíláàsì: ẹ gbé e ní òró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ẹni tó ń gbé e lọ sókè òkun: òfin ọdún 1979 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ National Commission for Museums and Monuments. Bí ère yín bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró torí ó jọ ti àtijọ́. Ẹ bèèrè ìwé náà ní Mùsíọ́mù Oníkan lọ́jọ́ iṣẹ́, kì í ṣe Sátidé, kí ẹ mú rìsíìtì àti fọ́tò iṣẹ́ náà dání. Ẹ má fi sí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọ bàálù.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Títan iná kámẹ́rà fóònù ló ṣáájú. Ẹ pa á kí ẹ tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá pariwo mọ́ yín. Èkejì ni fífi ẹ̀yìn rìn nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò: àwòrán tí ẹ ń wò wà níwájú, ère tí ẹ máa gbá wà lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, fífọwọ́ kàn án. Òógùn ọwọ́ máa ń jẹ bàbà àti ọ̀dà bí ẹ ò tiẹ̀ rí i lójú. Bí ẹ bá sì gbé fọ́tò iṣẹ́ sí orí Facebook, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ṣe é. "Ẹ wo nǹkan tó rẹwà yìí" kò tó.

## Bí nǹkan bá yàtọ̀

- Pẹ̀lú ọmọdé: ibi méjì péré, Nike láàárọ̀, John Randle Centre lọ́sàn-án. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan: kó ka ẹyẹ, tàbí kó wá ìlù.
- Láìsan owó ìwọlé kankan: Nike, gálárì Ìkòyí méjì, kí ẹ wá parí rẹ̀ ní Marina, níbi tí ère Ṣàngó tí Enwonwu ṣe ní 1964 dúró sí níwájú ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná àtijọ́. Láti ẹ̀gbẹ́ títì lẹ ti lè wò ó.
- Ní oṣù Kọkànlá: ART X Lagos, àfihàn ńlá tí àwọn gálárì ti ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà, máa ń wáyé nígbà náà láti 2016, àwọn gálárì sì máa ń gbé iṣẹ́ tó dáa jù lọ́wọ́ wọn síta ní àsìkò náà. Èrò á pọ̀, gó-síló náà á pọ̀. Ẹ yọ ibi kan kúrò nínú ètò yín.
- Yemisi Shyllon Museum of Art: Yunifásítì Pan-Atlantic ló wà, ní kìlómítà 52 ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ má fi kún ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, ẹ sì pè wọ́n kí ẹ tó gbọ̀nà.